Ṣé kí á ti ojú-òpó yìí pa kí gbogbo wa kó lọ sí WhatsApp, tàbí ọ̀nà mìíràn wà?

Alábòójútó (Abẹ́òkúta) kọ pé:

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin olùgbọ́ shortwave, ìgbì rédíò tó ń rìn jìnnà dé òkè òkun, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tún ògbólógbòó rédíò ṣe, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ sọ kí àkókò àtisan owó sẹ́fà, kọ̀ǹpútà tí ojú-òpó wa ń gbé, tó dé. Ẹni tó bá ń wọlé síbí déédéé mọ̀ pé ìbéèrè tuntun kò wọ́pọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ mìíràn, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn kan lára wa dá sílẹ̀ ń hó yaya láti àárọ̀ dalẹ́. Owó náà kò sì rọrùn mọ́. Dọ́là ni a fi ń san án, ẹ sì mọ̀ pé kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Owó tí kò jọ ẹni tó wà ní Houston lójú ti di owó gidi lójú èmi tí mo ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

Àwọn kan ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé kí n ti ibí yìí pa, kí gbogbo wa kó lọ síbi tí èrò wà. Àwọn mìíràn ní bí mo bá dán an wò, àwọn kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. N kò fẹ́ dá ìpinnu ṣe. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ni ibí yìí ń ṣe fún wa tí ibòmíràn kò lè ṣe, kí sì ni a máa ṣe kí ó má bàa kú mọ́ wa lọ́wọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á dúró lórí kókó.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn) kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, Bàbá. Ó ṣeé ṣe kí n jẹ́ àbúrò gbogbo àwọn tó máa sọ̀rọ̀ níbí, nítorí náà ẹ fojú ọmọ wò mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le. WhatsApp ni èmi fara mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ń jókòó sí, oníbàárà sì máa ń dúró tì mí lórí. Bí mo bá tú rédíò, tí mo rí ohun tí n kò rí rí, mo máa ya àwòrán rẹ̀, mo máa fi ohùn sọ ìṣòro náà, kí n tó nu òógùn ojú mi tán, ẹnì kan ní Alábà tàbí ní Ìlọrin á ti dá mi lóhùn. Níbí, ó lè di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ dátà tún wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń ta dátà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ pé WhatsApp tàbí Facebook nìkan ló ń ṣí. Láti ọdún 2016 ni Airtel àti Facebook ti gbé Free Basics wá sí Nàìjíríà, tí ènìyàn fi lè wọ àwọn ojú-òpó kan tí wọ́n yàn láìra dátà rárá. Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí wọ́n fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tí mo mọ̀ kò ra irú dátà mìíràn mọ́. Ẹ̀yin àgbà ń sọ pé wọn kò nífẹ̀ẹ́ sí ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ibí ni owó wọn kò ká.

Ìyá Olùgbọ́ (London) kọ pé:

Ọmọ Mọ́kọ́lá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. O kò sọ̀rọ̀ àrífín rárá. Ìyára tí o sọ yẹn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè: ìdáhùn tí wọ́n fún ọ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, níbo ni o lè tọ́ka sí lónìí pé ó wà? Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ bá bá irú ìṣòro kan náà pàdé lọ́la, ìwọ ni yóò bi, ìwọ náà á sì tún gbé e lọ fún àwọn tó ti dáhùn rẹ̀ rí.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ariwo sólà tí ẹnì kan láti Òṣogbo gbé wá síbí. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé páńẹ́lì sórí òrùlé òun, mítà 31, ọ̀kan nínú àwọn ìpín shortwave, kò ṣeé gbọ́ mọ́, pé ńṣe ni rédíò ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà. Àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn di ẹ̀bi ru inverter. Ẹlòmíràn ní kí ó máa pa inverter, kí ó máa tàn án, kí ó sì gbọ́ rédíò náà lọ́sàn-án àti lóru kí ẹnikẹ́ni tó dájọ́. Ó padà wá sọ pé ariwo náà kì í sí lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inverter ń ṣiṣẹ́, àti pé bí oòrùn bá ti yọ, yálà òun pa inverter tàbí òun kò pa á, ariwo ti dé nìyẹn. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé charge controller, èyí tí ń gba iná lọ́wọ́ páńẹ́lì fún bátìrì, ni olórí ọ̀ràn. Wọ́n ní kí ó lọ́ wáyà méjèèjì tó ti òrùlé wá mọ́ ara wọn dípò kí wọ́n máa rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó kì wọ́n bọ inú òrùka ferrite, irú èyí tí ó wà nínú ìkókò dúdú tó máa ń wà lára okùn kọ̀ǹpútà àtijọ́, kí ó máa fi bátìrì gbọ́ rédíò, kí ó sì gbé wáyà ántẹ́nà jìnnà sí ilé. Ó ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń padà wá jábọ̀, ó sì gbé ohùn tí ó gbà sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ kó tó gbó. Lórí WhatsApp, kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, àdúrà òwúrọ̀, ìkìlọ̀ pé kí á má ṣe gbé ìpè láti nọ́ńbà kan, àti àwòrán ìgbéyàwó ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé ilé ńlá kì í wó, kí ó bi àwọn tó lo Yahoo Groups. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rédíò lágbàáyé kó ìwé àlàyé, àwòrán àti àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gbọ́ sí fún ọdún pípẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni Yahoo kéde pé àwọn yóò pa ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ rẹ́. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ti ilé náà pa pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ tí alábòójútó wọn tètè gbé ẹrù lọ sí groups.io, tí Mark Fletcher dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, rí nǹkan gbé lọ. Àwọn tí alábòójútó wọn ti kú tàbí tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ kò rí nǹkan kan mú.

Ọmọ Mọ́kọ́lá kọ pé:

Ìyá, ẹ ṣeun. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Mo ti lo ìdáhùn ariwo sólà yẹn fún oníbàárà méjì ní Bódìjà, n kò sì mọ̀ pé ibí ni ó ti wá. Àwòrán ojú fóònù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, wọ́n ti gé orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò lókè, wọ́n sì ti gé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ òrùka ferrite kúrò nísàlẹ̀.

Bàbá Atúnrédíòṣe (Ìjẹ̀bú-Òde) kọ pé:

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe WhatsApp àti Facebook nìkan ló lé èrò lọ. Ìdáhùn tí àwọn kan ń fún àlejò níbí kó ipa tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé lọ́dún tó kọjá, ó kí tọmọdé tàgbà, ó ní rédíò tí bàbá òun fi sílẹ̀ ń kùn hùùù. Ìdáhùn tó kọ́kọ́ rí gbà ni pé “a ti sọ ọ́ rí, lọ wá a.” Èkejì náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò padà wá? Lórí Facebook, ó lè jẹ́ àṣìwí ni wọ́n máa wí fún un, ṣùgbọ́n wọn á rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ wo ohun tí ó yẹ kí á sọ fún un. Ṣé iná NEPA ni o fi ń gbọ́ ọ ni àbí bátìrì? Bí ó bá ń kùn lórí iná NEPA tí kò sì kùn lórí bátìrì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kàpásítọ̀ ńlá tó wà níbi tí iná ti ń wọlé ló ti gbẹ. Fa okùn rẹ̀ kúrò lára iná kí o tó ṣí i, wo orí kàpásítọ̀ náà bóyá ó ti wú, fi èyí tí fóòtì rẹ̀ kò kéré sí ti àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ìhà rere jó mọ́ ti òdì, nítorí ó lè bú gbàmù sí ọ lójú. Bí ó bá ń kùn lórí iná àti lórí bátìrì, padà wá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kíkọ èyí kò gbà ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ. Mo dábàá pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún àlejò pé “lọ wá a” láìjẹ́ pé ó fi ìlà tí ọ̀rọ̀ náà wà síwájú rẹ̀, kí ó sì fi gbólóhùn kan tàbí méjì sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ìmọ̀ tí a kó síbí kò sí lórí igbá. Ibo ni ọmọ òde òní ti máa gbọ́ pé gíláàsì ni ara OC71, tìràǹsístọ̀ dúdú ti àwọn ọdún 1950, àti pé bí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún bá ṣí, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù orí tábìlì lásán lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà? Ènìyàn lè máa lé ìṣòro kiri inú rédíò náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó sì jẹ́ pé bí ó bá dé ideri padà, gbogbo rẹ̀ á tò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kọ pé:

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò dùn mọ́ni. Ẹ ń jà lórí ilé, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ kọ́ ilé náà fún ló ń kú. BBC ti dáwọ́ shortwave dúró sí Amẹ́ríkà ti àríwá láti ọdún 2001. Swiss Radio International dákẹ́ ní ọdún 2004. Ní ọdún 2012, Radio Canada International àti Radio Netherlands kúrò lórí shortwave ní oṣù kan náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ Voice of America lọ jókòó sílé. Nígbà tí BBC máa bẹ̀rẹ̀ èdè Yorùbá ní ọdún 2018, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e sí, wọn kò gbé e sí shortwave rárá. Bí kò bá sí ohun tí a máa gbọ́ mọ́, kí ni a fẹ́ máa sọ?

Ará Àjàṣẹ́ (Bẹ̀nẹ̀) kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ohun gbígbọ́ ṣì wà. Ẹ yí rédíò yín sí 1566 kHz lórí medium wave lálẹ́, ẹ máa gbọ́ TWR, ilé-iṣẹ́ rédíò àwọn onígbàgbọ́, láti Parakou, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ó sì ń dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà. Ẹni tí ariwo sólà kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan nílé lè lọ sórí WebSDR ti yunifásítì Twente ní Netherlands, tó ti wà láti ọdún 2008, kó fi ẹ̀rọ tiwọn gbọ́ ojú ọ̀run ilẹ̀ Yúróòpù láti orí fóònù rẹ̀. Àti pé àwọn tí ẹ dárúkọ tí wọ́n ti dákẹ́ yẹn, níbo ni ẹni tí a bí ní ọdún 2005 ti lè gbọ́ ohùn wọn? Nínú ohun tí àwọn olùgbọ́ gbà sílẹ̀ ni, àti lára káàdì ìjẹ́rìí tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kọ̀wé pé òun gbọ́ wọn. Bí ohun tí à ń gbọ́ ṣe ń dín kù ni ohun tí ó yẹ kí á tọ́jú ń pọ̀ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ní ti tèmi nìyí. Kò sí ẹni tí mo mọ̀ nínú yín kí n tó dé ibí. Mo ń wá ọ̀rọ̀ kan lórí Google ni mo fi ṣalábàápàdé yín. Ẹgbẹ́ WhatsApp ń fẹ́ ẹni tó mọ nọ́ńbà rẹ tàbí ẹni tó máa fi ìlà ìwọlé ránṣẹ́ sí ọ. Àjèjì tó wà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò lè ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa tún àpótí ìwárí ibí ṣe. Lọ́dọ̀ wa, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìkọ̀wé Yorùbá. Tiyín ní ẹ̀ka nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì wà tí kì í fi àmì kankan sí i. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan lọ́nà mẹ́ta kí ó tó gbé ohun tí mo ń wá jáde.

Òǹkọ Kóòdù (Houston) kọ pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Màá dáhùn ti Ará Àjàṣẹ́ kíákíá: ó ṣeé ṣe, a máa jẹ́ kí ẹ̀rọ náà bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ kí ó tó wá a, kí ó sì ka ɛ, ẹ àti e sí ọ̀kan náà. Ó tún ṣeé ṣe kí ojú-òpó yìí fúyẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Ọdún 2005 ni Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀, Facebook bá a níbẹ̀, Twitter bá a níbẹ̀, ìrísí rẹ̀ kò sì yí padà púpọ̀: ọ̀rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí àwòrán wa máa dúró títí ẹni tó fẹ́ wò ó yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Mọ́kọ́lá, kò ní di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n yóò dín kù gan-an.

Ní ti àwòrán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á máa tọ́jú wọn sínú sẹ́fà tiwa. Ní ọdún 2017, Photobucket yí òfin rẹ̀ padà lójijì, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán òun máa hàn lórí ojú-òpó ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ san nǹkan bí 400 dọ́là lọ́dọọdún. Káàkiri àgbáyé, àwọn àlàyé àtúnṣe mọ́tò, kámẹ́rà àti rédíò tí wọ́n ti kọ láti ọdún pípẹ́ di èyí tó kún fún àpótí òfìfo. “Ẹ wo wáyà pupa tó wà nínú àwòrán yìí”, kò sì sí àwòrán.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ kò kan Facebook rárá. Ta ni ọ̀rọ̀ ìwọlé sẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni ó ń san owó orúkọ ojú-òpó, lórúkọ ta ni? Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, Bàbá Alábòójútó nìkan ni. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á rí ohun tí kò dára, Bàbá, ṣùgbọ́n bí fóònù yín bá bọ́ sínú omi lónìí, mélòó nínú wa ló lè ṣílẹ̀kùn? Owó orúkọ ojú-òpó tí a kò san lásìkò lè mú kí ẹlòmíràn rà á, kí ó sì máa fi ta kálòkálò. phpBB, ètò kọ̀ǹpútà tí ojú-òpó wa fi ń ṣiṣẹ́, kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọdún 2000 tí ó ti wà, àmọ́ ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣe àtúnṣe rẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá pọ̀ nínú sẹ́fà ju ènìyàn lọ. Àwọn ni wọ́n ń mú kí ibí yìí falẹ̀, kì í ṣe àwa. Mo lè dí ọ̀nà wọn. Ní ti àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè polówó oògùn, ìbéèrè ìwọlé tí Bàbá Atúnrédíòṣe gbé kalẹ̀, pé kí ènìyàn dárúkọ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, ti lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ kọ pé:

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ kú àárọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí màá kọ nǹkan níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń kà á tipẹ́. Ìdí tí n kò fi kọ̀wé rí ni èyí tí Bàbá Atúnrédíòṣe sọ: ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí. Ẹ bá wa ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìbéèrè àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè béèrè ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Mo rí i pé kò sí ẹni tó lè ní kí WhatsApp kógbá sílé. Kí nìdí tí a kò fi lè lo méjèèjì? Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí àwọn kan lára wa máa ṣe akọ̀wé, kí wọ́n máa gbé ìdáhùn tó bá pegedé wá síbí. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ fàlàlà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp nítorí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò ní kọjá ibẹ̀, wọ́n sì ń dárúkọ oníbàárà àti iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ síta gbangba lè dá ìjà sílẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá kọ pé:

Èyí bọ́ sí i. Màá ṣe ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé náà. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ síbẹ̀ pẹ̀lú: ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí á mú ìdáhùn kan láti ibí, kí á gbé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú WhatsApp, kì í ṣe ìlà tí ènìyàn máa tẹ̀, nítorí ìlà yẹn ni dátà wọn kò lè ṣí, kí á sì kọ orúkọ ẹni tó dáhùn àti ibi tí ó ti wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ àǹfààní rẹ̀ á mọ ibi tí ó máa wá nígbà tó bá rí dátà rà.

Ìyá Olùgbọ́ kọ pé:

Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ òfin kan kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ní ilẹ̀ Britain níhìn-ín, Online Safety Act, òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2023, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ojú-òpó tí ènìyàn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025, kò sì yọ àwọn kékeré sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ẹni tó ń bójú tó ojú-òpó àwọn oníkẹ̀kẹ́ London kan, LFGSS, kéde pé òun yóò tì í pa nítorí ẹrù tí òfin náà máa gbé lé òun nìkan lórí. Òfin náà kò wo ibi tí sẹ́fà wà. Ó ń wo bóyá àwọn ará Britain tó pọ̀ ń lò ó tàbí bóyá àwọn ni wọ́n ṣe é fún. Àwa kò pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n kò burú kí á kọ ìwé ṣókí kan sílẹ̀ lórí ewu tó lè wà àti ohun tí a máa ṣe sí i. Èmi yóò kọ ọ́, mo sì dábàá pé kí á ti ọ̀nà ìkọ̀wé ìkọ̀kọ̀ pa, nítorí ibẹ̀ ni ewu máa ń sá pamọ́ sí.

Bàbá Atúnrédíòṣe kọ pé:

Ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ èyí kò bá mi lára mu. Níbo ni a ó ti máa dúnàá-dúrà lórí ògbólógbòó ẹ̀yà rédíò? Ṣé ní gbangba ni kí gbogbo ayé ti máa wo bí mo ṣe ń bẹ ènìyàn pé kó dín owó kù?

Ìyá Olùgbọ́ kọ pé:

Bàbá, ẹ lè fún ara yín ní nọ́ńbà. Bí ẹ bá sì kọ̀ jálẹ̀, kí á fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ti pé ọdún kan níbí, kí àlejò má tíì lè lò ó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àwọn gbájúẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bàbá Atúnrédíòṣe kọ pé:

Ọdún kan dára. Mo gbà.

Alábòójútó kọ pé:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. A kò ní ti ibí pa lọ́dún yìí. Mo ti ṣí yàrá tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ béèrè fún, Bàbá Atúnrédíòṣe ni yóò sì máa jókòó níbẹ̀, nítorí ẹni tó mọ bí ó ṣe yẹ kí á dá àlejò lóhùn ló yẹ kó máa dá wọn lóhùn. Ọmọ Mọ́kọ́lá àti Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ni akọ̀wé. Ìkọ̀wé ìkọ̀kọ̀ di ti ẹni tó ti pé ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí Òǹkọ Kóòdù sọ kò bí mi nínú. Bí àgbà ṣe ń ṣe ìwé ìhágún náà ló yẹ kó rí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sẹ́fà ránṣẹ́ sí òun àti sí Ìyá Olùgbọ́, a ó sì gbé orúkọ ojú-òpó kúrò lórúkọ èmi nìkan kí oṣù yìí tó parí. Ní ti owó, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gbogbo rẹ̀ nìkan, kódà ẹni tó wà ní òkè òkun, nítorí ẹni tó bá dá ilé san ló máa ń dá ilé tì. Ẹni tó bá lè mú ẹgbẹ̀rún kan náírà wá, kí ó mú un wá. Ẹni tí kò bá ní, kí ó bá wa fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kí ìwárí lè rọrùn.

Òǹkọ Kóòdù kọ pé:

Ọ̀rọ̀ ìwọlé ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ojú-òpó yìí sórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì ṣí i níbẹ̀ láti rí i pé kì í ṣe ẹ̀dà lásán. Ọ̀rọ̀ gbogbo pé. Àwòrán ọdún 2016 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni kò sí níbẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé ni a ń kó wọn sí nígbà náà. Ẹni tó bá ya àwòrán rédíò kan síbí láàárín àkókò yẹn, tí ó sì ṣì wà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àkọlé ọ̀rọ̀ tí ó bá lọ. Màá dá a padà sí àyè rẹ̀.